Bàbá tó padà sójú ogun nítorí ilé rẹ̀: Ìtàn Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti okùn ẹbí tí kò já

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni ọmọ sin ló bímọ. Kò sí bàbá Yorùbá kan tí kì í gbàdúrà pé kí ọmọ òun wà nítòsí lọ́jọ́ tí ilẹ̀ bá ṣú bá òun, kó dúró ti òkú òun, kó sì sin òun bó ti yẹ. Ṣùgbọ́n bàbá kan wà ní ìlú Òṣóògùn, ní ohun tó lé ní igba ọdún sẹ́yìn, tí ogun kò jẹ́ kí àdúrà yìí ṣẹ fún. Nígbà tí ogun wọ̀lú, ó sáré wálé láti ojú ìjà, ó ní kí ìyàwó àti àwọn ọmọ òun tètè sá, ó sì yí padà lọ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lójú ogun. Ọmọkùnrin rẹ̀ tó ń wò ó lẹ́yìn bó ti ń lọ kò tún fojú kàn án mọ́ títí ayé. Àjàyí ni orúkọ ọmọ náà. Òun ni gbogbo ayé wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther.

Bí a bá dárúkọ Crowther láàrin àwọn Yorùbá, ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí èèyàn lọ́kàn ni Bíbélì, ìwé kíkà àti ẹ̀wù bíṣọ́ọ̀bù. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì yẹ kó rí, nítorí òun ni ọmọ Áfíríkà adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ìjọ Áńgílíkà fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù, òun ló sì ṣíwájú nínú iṣẹ́ títúmọ̀ Bíbélì sí èdè wa. Àmọ́ apá kan wà nínú ìgbésí ayé ọkùnrin yìí tí a kì í sábà mẹ́nu bà tó bó ṣe yẹ, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ òun àti ẹbí rẹ̀: bí ogun ṣe tú ilé wọn ká, bí àwọn tó kù ṣe tún rí ara wọn, àti bí ọmọ tó pàdánù bàbá rẹ̀ láti kékeré ṣe di bàbá tí àwọn ọmọ tirẹ̀ kò gbàgbé. Apá yẹn gan-an ni a fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa bá wa yẹ̀ wò lọ́tẹ̀ yìí.

Láàrin ọdún 1807 sí 1809 ni wọ́n bí Àjàyí. Gbogbo wa la mọ̀ pé orúkọ àmútọ̀runwá ni Àjàyí, ọmọ tó bá dojú bolẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀. Òṣóògùn tí wọ́n bí i sí wà ní agbègbè tó di Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lónìí, kò sì jìnnà sí Ìṣẹ́yìn. Nígbà tó dàgbà, tó ń kọ ìtàn ìgbà èwe rẹ̀ sílẹ̀, ó ṣírò rẹ̀ pé àwọn ọkùnrin tó lè gbé ohun ìjà nínú ìlú náà yóò tó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Àfàlà ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ó ní àbúrò obìnrin méjì, èyí tó kéré jù nínú wọn ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, kò tíì pé ọmọ ọdún kan. Ọmọ ẹbí wọn mìíràn náà ń gbé lọ́dọ̀ wọn.

Ìjọba Ọ̀yọ́ tó ti ń dáàbò bo àwọn ìlú wọ̀nyí láti ìgbà pípẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ nígbà náà. Àwọn ológun ń káàkiri, wọ́n ń kó ìlú kan lẹ́yìn òmíràn, nítorí pé owó ńlá wà nínú ẹrú títà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan níbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821, ó kan Òṣóògùn. Àwọn Fúlàní, àwọn Mùsùlùmí ará Ọ̀yọ́ kan àti àwọn ẹrú tó ti sá kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá wọn ló para pọ̀ di ọmọ ogun náà. Oúnjẹ àárọ̀ ni ìyá Àjàyí ń sè lọ́wọ́ nígbà tí ariwo sọ. Àwọn ọkùnrin ìlú jáde, wọ́n jà fún bíi wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin, ṣùgbọ́n apá wọn kò ká a, àwọn ọ̀tá sì ya wọ̀lú.

Ibẹ̀ ni bàbá Àjàyí ti ṣe ohun tí ọmọ rẹ̀ kò gbàgbé títí tó fi darúgbó. Ọkùnrin náà lè sá gba inú igbó lọ, kó sì gba ẹ̀mí ara rẹ̀ là. Ó tún lè dúró sójú ìjà láì bojú wẹ̀yìn. Kò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ilé ló kọ́kọ́ wá, ó fún àwọn ará ilé rẹ̀ ní àmì pé kí wọ́n máa sá lọ, lẹ́yìn náà ló padà sọ́dọ̀ àwọn tó kù lójú ìjà. Kò sí àyè ìdágbére, kò sì sí àyè ìwúre. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ni Àjàyí gbọ́ ní oko ẹrú pé wọ́n ti pa bàbá òun nínú ogun mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà ṣe di aláìníbàbá, tí kò rí òkú bàbá rẹ̀, tí kò sì bu erùpẹ̀ sí i.

Ìyá àti àwọn ọmọ kò lè sá jìnnà. Wọ́n ká wọn mọ́ inú igbó, wọ́n fi okùn kọ́ wọn lọ́rùn bí ewúrẹ́, wọ́n sì ń fà wọ́n lọ. Bí wọ́n ti ń lọ ni wọ́n ń wẹ̀yìn wo ìlú wọn tó ń jóná. Nígbà tí wọ́n dé Ìṣẹ́yìn, àwọn tó kó wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pín ẹrú láàrin ara wọn. Àjàyí àti àbúrò rẹ̀ kan bọ́ sọ́wọ́ olórí ogun, ìyá àti ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi Àjàyí pààrọ̀ ẹṣin. Nígbà tó ṣe, ẹṣin náà kò tẹ́ ẹni tó gbà á lọ́rùn, ó dá a padà, wọ́n sì dá ọmọ náà padà bí ìgbà tí wọ́n dá ọjà padà sórí àtẹ.

Nínú ìrìn àjò náà, oore kan ṣẹlẹ̀ sí i. Wọ́n mú un dé ìlú kan tí ìyá rẹ̀ náà wà, fún bíi oṣù mẹ́ta ni ìyá àti ọmọ sì fi ń rí ara wọn. Bí ẹ̀yin náà bá jẹ́ òbí, ẹ óò mọ bí inú Àfàlà yóò ti rí lójoojúmọ́ tí ọmọ rẹ̀ bá yọ lọ́ọ̀ọ́kán. Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni wọ́n ṣàdédé dè é, tí wọ́n tún mú un lọ tà. Ìyá rẹ̀ kò mọ ọ̀nà ibi tó gbà. Láti ọjọ́ náà lọ, ìrètí pin nínú ọmọ yìí. Lóru, nígbà tí àwọn yòókù bá ti sùn, ó fẹ́ fi ọ̀já ìdí rẹ̀ fún ara rẹ̀ lọ́rùn kó lè kú, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò gbé e. Ẹ̀rù tó ń bà á jù ni pé kí wọ́n má lọ ta òun fún àwọn òyìnbó. Ohun tó sì ń bẹ̀rù náà ló dé bá a. Wọ́n fi tábà, ọtí àti àwọn ọjà òyìnbó mìíràn rà á, ó dé Èkó, àwọn Potogí sì kó òun àti àwọn ẹlòmíràn sínú ọkọ̀ ojú omi.

Ọjọ́ keje oṣù kẹrin ọdún 1822 ni ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Myrmidon, èyí tí Henry Leeke jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, dá ọkọ̀ náà dúró lórí òkun. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de òwò ẹrú láti ọdún 1807, àwọn ọkọ̀ ogun wọn sì ń ṣọ́ etíkun kiri. Àwọn ọmọ tí wọ́n gbà sílẹ̀ kò kọ́kọ́ mọ̀ pé ìdáǹdè ló dé. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi kọ́ sínú ọkọ̀ náà, wọ́n rò pé ẹran ara èèyàn ni. Ọta àgbá tí wọ́n tò jọ, wọ́n rò pé orí èèyàn ni. Nígbà tí wọ́n sún mọ́ ọn dáadáa ni ọkàn wọn tó balẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún náà ni wọ́n sọ̀ wọ́n kalẹ̀ ní Sierra Leone, ibi tí àwọn bàbá wa ń pè ní Sàró.

Ní Sàró, ilé ayé tún bẹ̀rẹ̀ fún un láti orí òdo. Ó kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, ó kọ́ ìwé, kò sì ju bíi oṣù mẹ́fà lọ tó fi mọ ìwé kà. Wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kejìlá ọdún 1825, ó sì gba orúkọ Samuel Crowther, èyí tí í ṣe orúkọ àlùfáà kan ní ìlú London. Kó tó di pé ọdún 1827 parí, ó ti lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ti padà dé, ó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay. Ohun kan wà tó yẹ kí a kíyè sí níbí. Ọkùnrin yìí gba orúkọ tuntun, ẹ̀sìn tuntun àti ìlú tuntun, ṣùgbọ́n kò sọ Àjàyí nù. Ó fi orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé bàbá rẹ̀ sáàárín orúkọ òyìnbó méjèèjì, ibẹ̀ ló sì wà títí dòní.

Ibẹ̀ náà ló ti pàdé ìyàwó rẹ̀. Asano ni orúkọ obìnrin náà kó tó ṣèrìbọmi, tó wá ń jẹ́ Susan. Wọ́n ti gba òun náà sílẹ̀ lóko ẹrú bíi ti ọkọ rẹ̀, ó mọ ohun tí ojú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti rí, iṣẹ́ olùkọ́ ló sì ń ṣe. Ní nǹkan bí ọdún 1829 ni wọ́n ṣègbéyàwó. Ẹni méjì tí ogun ti já kúrò lára ìdílé wọn ló para pọ̀ dá ìdílé tuntun sílẹ̀. Ọmọ mẹ́fà ni wọ́n tọ́ dàgbà, ọkùnrin mẹ́ta àti obìnrin mẹ́ta.

Bí a bá ní kí a wo ogún tí Àjàyí jẹ nílé bàbá rẹ̀, kì í ṣe ilẹ̀, kì í ṣe owó, nítorí ogun ti run gbogbo rẹ̀. Èdè nìkan ló kù. Èdè tí ìyá rẹ̀ fi ń rẹ̀ ẹ́ ní ẹkún, tí bàbá rẹ̀ fi ń pè é, kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ní Freetown, ó wà láàrin àwọn Yorùbá tí wọ́n kó wá láti oríṣiríṣi ìlú, ó sì ń fetí sí bí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ṣe ń sọ̀rọ̀. Lọ́dún 1843, wọ́n tẹ ìwé ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá tó kọ jáde, lọ́dún kan náà ni wọ́n sì fi jẹ àlùfáà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó padà sí Freetown lọ́dún 1844, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Yorùbá wàásù fún àwọn èèyàn rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìwọ̀nba ogún tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ló sọ di ọrọ̀ fún gbogbo wa.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS rán òun, Henry Townsend àti C. A. Gollmer wá sílẹ̀ Yorùbá. Wọ́n gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1845, Abẹ́òkúta sì ni wọ́n ń lọ. Ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́ tí í ṣe olórí àwọn Ẹ̀gbá ti kú, ogun sì ti dí ọ̀nà. Ó lé ní ọdún kan tí wọ́n fi dúró sí Àgbádárìgì. Nígbà tí ọ̀nà là lọ́dún 1846, wọ́n wọ Abẹ́òkúta. Ìlú náà ti di ibi ìsádi fún ọ̀pọ̀ èèyàn tí ogun lé kúrò nílé wọn, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sì ń ti ẹnu kan bọ́ sí ẹnu kejì pé àlùfáà dúdú kan dé, ọmọ Òṣóògùn ni.

Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹjọ ọdún 1846, obìnrin arúgbó kan wọlé wá bá Crowther, ọmọkùnrin rẹ̀ kan ló sì tẹ̀ lé e. Àfàlà ni. Ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ti kọjá lórí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dè é lọ. Ìyà ti jẹ obìnrin náà, ara rẹ̀ ti gbẹ, ó sì ti gbà pé òun kò ní í rí ọmọ yìí mọ́. Nígbà tí wọ́n rí ara wọn, kò sí ẹni tó lè sọ̀rọ̀ nínú wọn. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, omijé sì ń ṣàn lójú ìyá. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bó ti di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní àwọn orúkọ àpọ́nlé tí ìyá ìyá rẹ̀ máa ń fi pè é nígbà tó wà ní kékeré. Ìyá àgbà yẹn ti kú sí oko ẹrú. Àlùfáà tó ti kàwé dé ilẹ̀ òyìnbó tún di ọmọ kékeré lọ́jọ́ náà.

Àwọn àgbà ní ọmọ tó bá sọnù, ìyá rẹ̀ kì í yé wá a. Crowther gba ìyá rẹ̀ sọ́dọ̀, ó sì tọ́jú rẹ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kejì ọdún 1848, Àfàlà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣèrìbọmi ní Abẹ́òkúta, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hannah. Bí ẹ bá rántí Bíbélì, ẹ óò rí ìdí tí orúkọ yẹn fi bá a mu: Hannah ni ìyá Samuel. Obìnrin yìí pẹ́ láyé dáadáa. Lẹ́yìn tó ti lé ní ẹni àádọ́rùn-ún ọdún ló kú, lọ́dún 1883. Ohun tí Òṣóògùn kò jẹ́ kí Àjàyí ṣe fún bàbá rẹ̀, Ọlọ́run jẹ́ kó ṣe é fún ìyá rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo Crowther gẹ́gẹ́ bíi bàbá náà. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò gba ọ̀nà kan ṣoṣo. Samuel kékeré àti Josiah ṣe òwò, Dandeson di àlùfáà bíi bàbá rẹ̀, Abigail sì fẹ́ Thomas Babington Macaulay, àlùfáà tí wọ́n bí fún òbí Yorùbá ní Sàró, tó dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó lọ́dún 1859. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà ọdún 1864, wọ́n fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Canterbury. Lára àwọn tó wà níbẹ̀ ni Henry Leeke tó gbà á sílẹ̀ lórí omi lọ́dún 1822, àti ìyáàfin Weeks tó kọ́ ọ ní á-bí-dí ní Sàró. Bàbá rẹ̀ nìkan ni kò sí níbẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, Abigail bí ọmọkùnrin kan ní Èkó. Ọmọ náà ni Herbert Macaulay, tó wá di aṣáájú nínú ìjà òmìnira Nàìjíríà.

Kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ló dùn fún Bíṣọ́ọ̀bù náà. Ìpínlẹ̀ tí wọ́n fún un lẹ́bàá odò Ọya gbòòrò jù fún ẹnì kan, owó kò tó, òṣìṣẹ́ kò sì pọ̀. Àwọn kan ń sọ pé ó rọ̀ jù, pé ojú bàbá ló fi ń wo àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó bá ṣìṣe, kì í tètè lé wọn lọ. Òwò tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń ṣe lójú odò náà tún di ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀. A kò ní sọ pé kò sí àṣìṣe nínú iṣẹ́ náà rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó kan dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n kò fi ọ̀wọ̀ àgbà wọ̀ ọ́. Níbi ìpàdé kan ní Onitsha ní oṣù kẹjọ ọdún 1890, wọ́n dá àwọn àlùfáà rẹ̀ dúró lójú rẹ̀, bàbá tó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún sì kọ̀wé fi ipò sílẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ náà. Ọgbẹ́ ọkàn ló jẹ́ fún un.

Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá ọdún 1891, nígbà tí àwọn èèyàn ń múra àtiwọ ọdún tuntun, ni Àjàyí Crowther kú ní Èkó. Susan ìyàwó rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ lọ lọ́dún 1880. Ṣùgbọ́n Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí iná bá kú a fi eérú bojú, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Dandeson kò jẹ́ kí iṣẹ́ bàbá rẹ̀ parẹ́. Lọ́dún 1892, òun àti àwọn ìjọ tó wà lẹ́nu odò Ọya ní Bonny àti agbègbè rẹ̀ dúró lẹ́sẹ̀ ara wọn, wọ́n ń náwó iṣẹ́ wọn fúnra wọn, láti fi hàn pé ọmọ dúdú lè ṣàkóso ìjọ. Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí Dandeson fi sin ìjọ. Ọdún 1938 ló tó kú. Herbert, ọmọ Abigail, ní tirẹ̀ bá ìjọba òyìnbó fà á ní Èkó títí di ọdún 1946 tó kú.

Ìyà tí wọ́n fi jẹ Bíṣọ́ọ̀bù náà kò ṣàì ní ìdáhùn, bó tilẹ̀ pẹ́. Lọ́dún 1976, wọ́n kó eegun rẹ̀ láti itẹ́ òkú Ajélẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Cathedral tó wà ní Marina, l'Ékòó. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà ọdún 2014, tó pé àádọ́jọ ọdún géérégé tí wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù, Justin Welby tó jẹ́ olórí ìjọ Áńgílíkà nígbà náà tọrọ ìdáríjì ní Canterbury lórí ohun tí ìjọ ṣe sí i.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀pọ̀ wa lónìí ni ìrìn àjò ti mú kúrò lọ́dọ̀ àwọn òbí wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ogun ló kó wa lọ. A ní fóònù lọ́wọ́, síbẹ̀ oṣù ń kọjá tí a kò pe ilé. Àjàyí kò ní ohunkóhun ju orúkọ kan àti èdè kan lọ, ó sì fi méjèèjì wá ọ̀nà ilé rẹ̀ padà. Bàbá rẹ̀ tó padà sójú ogun ní Òṣóògùn kò mọ̀ pé ọmọ òun yóò la ọjọ́ náà já, kò mọ̀ pé yóò bí ọmọ, pé ọmọ náà yóò bí ọmọ, pé gbogbo ilẹ̀ Yorùbá yóò máa ka ìwé tó kọ. Ọmọ rẹ̀ kò rí òkú rẹ̀ sin. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí a bá ń pe orúkọ Àjàyí, ilé bàbá yẹn ni a ń pè.